Aṣọ Tí Alààyè Kì Í Sùn Lé

Mi ò ní purọ́: nígbà tí ìyá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Pápá Àjàó, inú mi dùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, ìṣirò ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti jókòó sílé ní Mushin bí ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ ilé. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé Àǹtí ń rán aṣọ ibùsùn, èyí tó nípọn, tí wọ́n ń fi fóòmù sí àárín aṣọ méjì, tí wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sí i lára, tí yóò wú síhìn-ín, tí yóò tẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo ti rí irú rẹ̀ rí lórí ibùsùn ìyàwó tuntun kan ní Surulere, ó sì wọ̀ mí lójú. Mo rò pé ibùsùn ìyàwó ni èmi náà máa lọ máa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹni tó bá sùn sórí èyí tí Àǹtí ń rán kì í jí.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó ń kan pósí ló wà níwájú, tiwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú pósí ni Àǹtí ń rán, àti aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn nígbà tí wọ́n bá gbé òkú àgbà sí pálọ̀ kí ẹbí àti ará wá wò ó kẹ́yìn. Sátínì funfun, fóòmù funfun, òwú funfun. Tí mo bá dé láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa fi rìn láàárín àwọn pósí tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó dé ìdí iṣẹ́. Máṣíìnì wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onírin kan tó kọjú sí gọ́tà. Tí mo bá ti jókòó tán, àga Àǹtí ló máa dí ẹ̀yìn mi. Bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, àfi kí n ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀." Nígbà míràn wọ́n á sún. Nígbà míràn wọ́n á ní kí n parí ewé tí mò ń fi abẹ́rẹ́ yà lọ́wọ́ ná.

Gbogbo ẹbí ló ń pè wọ́n ní Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dàgbà ju ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó, ohùn ilé ò sì kúrò lẹ́nu wọn. Èmi tí wọ́n bí sí Mushin, wọ́n ní Yorùbá mi dà bíi rédíò tí kò mú sítéṣọ̀n kankan dáadáa. Wọn ò bímọ. Wọn kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, àwọn káfíńtà á dáwọ́ dúró láti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Máṣíìnì yẹn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Dúdú ni, òdòdó wúrà ara rẹ̀ sì ti pa rẹ́ níbi tí ọwọ́ ti máa ń kàn án. Ẹsẹ̀ là fi ń wà á, nítorí náà kò kàn án bóyá iná wà tàbí wọ́n mú un. Bí Àǹtí ṣe sọ ọ́ di máṣíìnì tó ń ya òdòdó nìyí: wọ́n yọ irin tó máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ kúrò pátápátá. Wọ́n wá gé ìdérí agolo mílíìkì, wọ́n lu ihò sí i láàárín, wọ́n sì fi bo eyín kéékèèké tó máa ń fa aṣọ lọ síwájú. Ó parí. Kò sí ohun tó ń di aṣọ mú mọ́, kò sí ohun tó ń fà á. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé ìgbádùn ni. Ìyà ni. Máṣíìnì tó ń fa aṣọ fúnra rẹ̀ máa ń ṣàánú èèyàn, ó mọ bí ẹsẹ̀ òwú kọ̀ọ̀kan á ṣe gùn tó. Eléyìí ò mọ nǹkan kan. Tí ẹsẹ̀ mi bá yá tí ọwọ́ mi ò yá, òwú á ṣù jọ sójú kan bí irun tí wọn ò yà. Tí ọwọ́ mi bá yá ju ẹsẹ̀ lọ, òwú á gùn gbọọrọ, á já. Tí mo bá ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á yí padà, gbogbo rẹ̀ á so kọ́ra lábẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, abẹ́rẹ́ gba èékánná ìka àárín mi kọjá sí ìsàlẹ̀. Mo pariwo. Àǹtí fi ọwọ́ ara wọn yí kẹ̀kẹ́, wọ́n yọ ìka mi, wọ́n fi kẹ́rosíìnì nù ún, wọ́n sì wo sátínì náà kí wọ́n tó wo ojú mi.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò kán sí i?"

"Kò kán sí i, Àǹtí."

"O ṣeun."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi rán àpò fulawa tí wọ́n kó àjákù fóòmù sí láàárín. Mo rán an, mo tú u, mo tún un rán. Ibi kan á wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ibi kejì á tẹ̀ pẹlẹbẹ. Tí mo bá ti ń sunkún, Àǹtí á ní mọ̀ọ́gún mọ̀ọ́tẹ̀, iyán ewùrà kì í ṣàìlẹ́mọ, kí n nu imú mi kí n máa bá a lọ. Ìyá mi ló ń ṣe iyán ewùrà tó ń lẹ́mọ nílé wa, mo sì mọ̀ pé a kì í bú u nítorí ẹ̀, à ń jẹ ẹ́ ni. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí ní nípa òdòdó yíyà, wọn kì í sì í fi ṣeré. Láti igun kan aṣọ ni abẹ́rẹ́ ti máa gbéra, yóò máa yí, yóò máa wọ́, yóò ya òdòdó, yóò ya ewé, títí yóò fi dé igun kejì, kò sì gbọdọ̀ sọdá ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rárá. "Ọ̀nà òkú ò gbọdọ̀ ní oríta," ni wọ́n wí. "Tó bá dé oríta, ṣé ìwọ lo máa júwe ọ̀nà fún un ni?" Tí wọ́n bá rí ibi tí ìlà mi ti gun orí ìlà, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n èékánná, mo máa tú gbogbo rẹ̀ ni.

Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó yá. Mi ò lè sọ ọjọ́ tó jẹ́. Mo kàn rí i ní ọ̀sán kan pé mi ò ronú nípa ẹsẹ̀ mi mọ́, ọwọ́ mi ń lọ, òdòdó ń yọ níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, fóòmù ń wú lábẹ́ sátínì bí ó ṣe yẹ kó wú. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo rẹ́rìn-ín sókè. Àǹtí fa aṣọ náà sún mọ́ ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ ìlà náà látòkèdélẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti yé ẹ." Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jókòó sídìí máṣíìnì mọ́. Ojú wọn ti ń lọ, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òwú funfun lórí sátínì funfun, àfi ojú ọmọdé. Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ náà ni ilẹ̀kùn tì mọ́ mi.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n bá ìyá mi sọ. Ọdún mẹ́ta pé, ó kọjá. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò wa ló mọ̀ pé tí ọ̀gá ò bá tíì gbàdúrà fún ọ, kó sọ pé òun ti tú ọ sílẹ̀, o kò tíì parí. Ẹni tó bá sá lọ láìgba àdúrà, wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò ní gbè é. Mo gbàgbọ́. Èmi kì í ṣe ọlọ́gbọ́n nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ìyá mi kí wọ́n bá mi sọ ọ́, ìyá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ló rán mi níwèé. Ṣe sùúrù." Mo ti ń kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn, sùúrù, bí ẹni kórìíra oògùn ibà.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni àwọn èèyàn. Àwọn tí a jọ dàgbà, tí mo bá na ọwọ́ sí wọn, wọ́n á rántí pé àwọn ń wá nǹkan nínú báàgì. Obìnrin kan ládùúgbò wa ní kí n má gbé ọmọ òun, ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ ni o, àmọ́ ó gba ọmọ ẹ̀. Èmi tí ọwọ́ mi ń rùn òróró máṣíìnì, wọ́n ní ó ń rùn òkú.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo dojú kọ Àǹtí fúnra mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ọdún mẹ́ta ti kọjá, mo fẹ́ lọ gba yàrá kan kí n máa rán aṣọ ibùsùn fún àwọn ìyàwó àti àwọn abiyamọ.

Wọ́n wò mí. "Ta ló máa sùn lé e?"

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó ń tẹ́ inú pósí, ta ló máa gbé iṣẹ́ ẹ̀ sórí ibùsùn tí òun àti ọkọ ẹ̀ ń sùn? Ọjọ́ tí alààyè bá sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ, ọjọ́ náà ni mà á gbàdúrà fún ẹ. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Inú bí mi débi pé mi ò jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ nǹkan tí mo lè dì mú. Kí alààyè kan ṣoṣo ṣáà ti sùn lé e.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan láti ilé ìwé, ìdílé wọn ń gbé ní Yaba. Òun nìkan ló ṣì ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó sí ìdílé kan ní Surulere, nígbà tí mo sì ní màá rán aṣọ ibùsùn fún un, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ó tó àsìkò! Mo rò pé ìgbà tí mo bá kú lo máa rán tèmi ni." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Mo ra sátínì aláwọ̀ ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Mi ò fẹ́ kí funfun kankan wà lára ẹ̀. Ìsinmi ọ̀sán ni mo fi ń rán an, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló gbà mí, mo sì ṣe ohun tí mi ò ṣe rí: mo mú ìlà gun orí ìlà. Mo fi òdòdó kọ́ òdòdó lọ́rùn, mo jẹ́ kí ewé gba inú ewé kọjá, gbogbo ara aṣọ náà kún fún oríta. Àǹtí wá, wọ́n tẹ̀ ba lé èjìká mi.

"Oríta lo ń dá síbẹ̀ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Alààyè ló ni ín."

Wọ́n pòṣé, wọ́n padà sí àyè wọn. Wọn ò ní kí n tú u.

Ọ̀rẹ́ mi gbà á tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ láti ìgbà ìgbéyàwó náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni Àǹtí máa ń bi mí, "Ṣé wọ́n ti sùn lé e?" Mi ò lè purọ́ fún wọn, nítorí àdúrà tí mò ń retí. Mo lọ bi ọ̀rẹ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "À ń tọ́jú ẹ̀ ni, kó má baà dọ̀tí." Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò bi í mọ́. Mo ti rí náílọ̀nù rẹ̀ lórí wọ́dúróòbù láti ẹnu ọ̀nà.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá àgbà inú ilé náà kú, ìyá bàbá ọkọ ọ̀rẹ́ mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Àǹtí kí wọ́n wá ṣe ibùsùn lọ́ṣọ̀ọ́. A kó sátínì wa, a kó pínnì, a lọ sí Surulere. Pálọ̀ ti ṣófo, wọ́n ti gbé ibùsùn onírin sí àárín. Nígbà tí mo fẹ́ tú ẹrù wa, ìyá ọkọ náà ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ̀yin ará mi. Èyí tó rẹwà wà nílẹ̀. Ẹnì kankan ò tíì lò ó rárá."

Wọ́n gbé e jáde. Aláwọ̀ ìbẹ́pẹ ni. Ó ṣì wà nínú náílọ̀nù tí mo fi gbé e wá.

Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú oyún ẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò lè wò ó. Àǹtí gba aṣọ náà. Ojú wọn ò ríran tó láti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìlà rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ìka náà sì dé ibi tí ìlà ti gun orí ìlà, ó dúró. Ó tún lọ síwájú, ó dé òmíràn, ó dúró.

"Ọmọ mi ló rán an," ni wọ́n sọ fún ìyá ọkọ náà.

"Ẹ ò rí i! Iṣẹ́ gidi ni. Ó wá bọ́ sí i wẹ́kú."

Èmi ni mo tẹ́ ẹ. Mo fà á gún, mo fi pínnì mú un ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ fún ìyá àgbà tí mi ò mọ̀ rí. Wọ́n gbé wọn lé e. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ẹ̀bọ́lọ́ kó má rùn ìgbẹ́, ohun tí mò ń tún wí nínú ọkàn mi nìyẹn. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìdí máṣíìnì yẹn ni màá wà títí irun mi á fi funfun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a padà lọ kó ẹrù wa. Wọ́n dì í mọ́ tiwa, wọ́n ní kí a máa kó o lọ. Ta ló máa gbé ohun tí òkú ti sùn lé padà sórí wọ́dúróòbù? Àǹtí fọ̀ ọ́, wọ́n sá a. Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n rán mi lọ ra òwú ní Ìdó.

Nígbà tí mo dé, àwọn káfíńtà ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n wọlé. Mo rìn ní ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àǹtí tẹ́ aṣọ ìbẹ́pẹ náà sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tú gèlè, wọ́n sùn gbalaja lé e. Wọ́n ń hanrun. Ẹ̀rù bà mí dé inú egungun. Obìnrin tí kò jẹ́ kí n jókòó lórí àjákù sátínì kan ṣoṣo rí nìyí.

Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi la ojú.

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́ta, Àǹtí."

"Láti aago kan ni mo ti wà níbí." Wọ́n dìde jókòó, wọ́n ń wá bàtà. "Alààyè ni mí. Ṣé o rí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kò sẹ́ni tó sùn lórí tèmi rí," ni wọ́n wí. "Ìyá ẹ tó jẹ́ àbúrò mi, mo rán ọ̀kan fún un nígbà tó bí ẹ. Lọ bi í léèrè ibi tó wà. Lọ pè é wá lọ́la, kó wá ṣe àmín."

Wọ́n gbàdúrà fún mi ní iwájú àwọn pósí. Ìyá mi ṣe àmín, wọn ò sì jẹ́ kí ojú àwọn àti Àǹtí ṣe mẹ́rin.

Mo gba yàrá kan ní Yaba. Kọ́tìnì ni mo kọ́kọ́ ń rán, lẹ́yìn náà aṣọ tí wọ́n fi ń pọ́n ọmọ tuntun. Mi ò sọ ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò, Àǹtí fi aṣọ ibùsùn kan ránṣẹ́ sí mi. Àwọn fúnra wọn ló rán an, pẹ̀lú ojú yẹn. Kì í ṣe funfun, àwọ̀ ewé ni. Òdòdó rẹ̀ ń gbọ̀n, ibi kan wú, ibi kan tẹ̀, ìlà sì ń gun orí ìlà káàkiri, oríta lórí oríta. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi ìdérí agolo mílíìkì tuntun sí, èyí tí wọ́n ti lu ihò sí láàárín.

Ìdérí náà, mo lò ó.

Nígbà tí Àǹtí wá kí mi ní Yaba, ìyá mi ló mú wọn lọ́wọ́ wá. Wọ́n jókòó létí ibùsùn mi, wọ́n fi ọwọ́ pa bẹ́ẹ̀díṣíìtì tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀díṣíìtì ọjà lásán. Wọ́n pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀.

"Ṣé èyí tí mo fi ránṣẹ́ ò gba ibùsùn ẹ ni?"

"Ó gbà á, Àǹtí. Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni, kó má baà dọ̀tí."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ó wà lórí wọ́dúróòbù nínú náílọ̀nù, Àǹtí ò sì lè rí i, ṣùgbọ́n ìyá mi rí i, wọ́n gbé ojú kúrò kíá.

"O ṣeun," ni Àǹtí wí. "Ó ṣeé tọ́jú." Wọ́n mu omi, wọ́n bi mí bóyá kọ́tìnì ń tà, wọ́n sì ní kí àwọn máa lọ kí oòrùn tó wọ̀.

Bí wọ́n ṣe lọ ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ká bẹ́ẹ̀díṣíìtì ọjà kúrò, mo tẹ́ ti Àǹtí, mo fà á gún ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi ìka tọ àwọn oríta náà títí mo fi dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí oorun ń kùn mí, mo bọ́ bàtà mi, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo sùn sí.